Ta Ló Kan Pẹpẹ Mọ́ Òkè?

Owó tó wà lápò ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ kò lè ṣe ju iṣẹ́ kan lọ. Ṣé kí wọ́n fi ra bẹ́ǹṣì fún àwọn kíláàsì ni, àbí kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà, nítorí ọmọbìnrin kan tó ń lo àga onítáyà? Ọ̀rọ̀ yìí ló dá alága ẹgbẹ́ náà, tó jẹ́ bíríkìlà, àti ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan n'Ìbàdàn dúró lẹ́yìn ìpàdé.

"Mà, àánú ọmọ náà ń ṣe mí," alága ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ṣùgbọ́n àwọn tó ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pọ̀. Ṣé ó tọ́ ká torí ẹnì kan fi ìyà jẹ ọgọ́rùn-ún? Àmúwá Ọlọ́run lọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àmúwá Ọlọ́run, mo gbà. Àtẹ̀gùn mẹ́rin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́, alága? Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ."

Alága bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tíì gbà. "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, mà. Báyìí la ṣe bá ayé."

"Ta ló kan pẹpẹ mọ́ òkè?"

Ó wá ṣàlàyé. Ọmọ náà mọ ìṣirò ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá ti gbé e wọ kíláàsì láàárọ̀, ó di ìgbà tí wọ́n bá jáde lọ́sàn-án. Bí wọ́n bá lu agogo ìsinmi, àwọn yòókù á tú jáde lọ ṣe bojúbojú, òun á máa wò wọ́n lójú fèrèsé. Kì í mu omi láàárọ̀ rárá, torí àga rẹ̀ kò gba ẹnu ọ̀nà ṣáláńgá kọjá.

"Olóṣèlú kan ló fún un ní àga yẹn, wọ́n sì ya fọ́tò. Ibo ni yóò yí i dé?"

"Ilé-ìwé àwọn àkàndá ẹ̀dá ṣáà wà," alága fèsì. "Andrew Foster, adití, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ n'Ìbàdàn níbí ní 1960. Ṣé ibi ló ṣe wọ́n ni?"

"Oore ńlá ni. Níbẹ̀, gbogbo ẹni tó yí wọn ká ló ń fọwọ́ sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní abúlé Adamorobe ní Gánà: adití wà níbẹ̀ láti ìran dé ìran, àwọn tó ń gbọ́ràn náà sì mọ èdè ọwọ́ wọn. Ní erékùṣù Martha's Vineyard ní Amẹ́ríkà, títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, adití ń pẹja, ó ń ṣòwò, ó ń gbéyàwó, torí aládùúgbò rẹ̀ gbọ́ èdè rẹ̀. Adití ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí adití ibòmíràn. Àwọn tó yí wọn ká ló yàtọ̀. Ọmọ tiwa yìí kò ní ìṣòro èdè. Ṣé torí àtẹ̀gùn mẹ́rin la ó ṣe gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ká mú un lọ ibi tó jìnnà?"

Alága dákẹ́ díẹ̀. Ọ̀gá àgbà bá mẹ́nu ba òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní 2019, tó ka dídẹ́yẹ sí àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Ọdún márùn-ún ni òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò láti ṣe àtúnṣe. Gbèdéke yẹn pé ní January 2024.

"Kì í ṣe sàráà, alága. Gbèsè ni."

"Gbèsè ìjọba nìyẹn, mà, kì í ṣe ti òbí."

"Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí wọn lọ́la. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí lè ti parí kíláàsì kẹfà kí èsì tó dé."

Alága yọ téèpù lápò. Àtẹ̀gùn náà ga ní sẹ̀ǹtímítà 60. Kí àga má baà yí padà sẹ́yìn, gígùn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹ kó tó ìlọ́po 12 gíga rẹ̀, ìyẹn mítà méje àti díẹ̀. Bó ṣe ń ṣírò sìmẹ́ǹtì, olùkọ́ kan tó lóyún ń rọra gun àtẹ̀gùn kan náà, ó fọwọ́ ti ògiri.

Wọ́n fẹnu kò: ọ̀nà yẹn àti ilẹ̀kùn ṣáláńgá ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe, bẹ́ǹṣì á di sáà tó ń bọ̀. Alága ló máa sọ ọ́ fún àwọn òbí, ó sì mọ̀ pé àwọn kan máa kùn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ mú téèpù dání lọ sí ìpàdé yín tó ń bọ̀. Ẹ wọn àtẹ̀gùn, ẹ wọn ẹnu ọ̀nà ṣáláńgá, kí ẹ tó pín owó.