Ọ̀bẹ Lápò Arìnrìn-àjò

Ọ̀bẹ tó ń ká wọnú èèkù rẹ̀ lè gé ọsàn, ó sì lè gún èèyàn. Aṣọ́bodè kò rínú arìnrìn-àjò. Irin nìkan ló rí. Ṣé ó tọ́ kí wọ́n gba ohun tí ẹnìkan fi ń dáàbò bo ara rẹ̀?

Àwọn ẹlẹ́sìn Ògún kò ka irin sí ohun lásán. Irin ni wọ́n ń fẹnu kàn búra ní kóòtù Nàìjíríà, torí náà ẹni tó mú ọ̀bẹ dání ti ní ẹlẹ́rìí lọ́wọ́. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1988 náà gbọ́ tẹ̀sìn: ó fàyè gba àwọn ẹlẹ́sìn Sikh láti gbé kirpan, ọ̀bẹ ẹ̀sìn wọn. Ṣùgbọ́n agolo ata tí wọ́n ń fín sójú ọlọ́ṣà, èèwọ̀ ni níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀rù ló mú kí èèyàn rà á.

Ẹ̀rù ọ̀hún kì í ṣe àsọdùn. Ní àdúgbò Deïdo, nílùú Douala ní Kamẹrúùnù, wọ́n pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan lópin ọdún 2011. Ará àdúgbò di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn ọlọ́kadà, ni wọ́n bá dojú ìjà kọra wọn. Níbi tí ìbẹ̀rù bá ti di ẹ̀rí, kò sẹ́ni tí kò ní í jàre. Ìdí nìyí tí ìlànà pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà fi dára díẹ̀: ọ̀bẹ ṣì jẹ́ ti olówó rẹ̀, àmọ́ inú ẹrù abẹ́ ọkọ̀ ló ń wà títí wọn yóò fi gúnlẹ̀.