Iye Tí Ó Tọ́ fún Ohun Àtijọ́

Nínú ìwé ìṣirò tí à ń fi kọ́ àwọn ọmọ wa, ẹni tí ó ra ọjà ní ọ̀pọ̀ tí ó sì tà á ní ọ̀wọ́n ni ó jèrè. Kí ọmọ ṣáà ti wá iye èrè náà, iṣẹ́ bùṣe. Kò sí ibi tí a ti bi í bóyá èrè náà tọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí àwa olùkọ́ jọ yẹ ọ̀ràn kan wò tí ìṣirò nìkan kò lè yanjú: èló ni ó tọ́ kí a san fún ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ṣọ̀wọ́n, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì tún ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀ràn náà sí Lazaret, àdúgbò kan ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Ní oṣù October ọdún 1924, ọkọ̀ Citroën mẹ́jọ, tí bẹ́líìtì rọ́bà gbọọrọ wà ní ipò táyà ẹ̀yìn wọn, gbéra ní Colomb-Béchar ní Àlgéríà. Wọ́n la aṣálẹ̀ Sàhárà já, wọ́n sì gba Niamey kọjá lọ sí ìhà Adágún Chad. Ká ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé opó kan ní Lazaret lónìí, tí adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Irin àlòkù tí a ń fi kílò wọ̀n ni opó náà kà á sí. Ẹni tí ó wá rà á sì mọ ohun tí ó jẹ́.

Ẹni tí kò mọ̀ yóò yọ owó ìpẹtà kúrò, yóò yọ owó ìjókòó tí eku ti jẹ kúrò, díẹ̀ ni yóò sì kù. Ẹni tí ó mọ̀ kì í ṣírò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2009, a fa ọkọ̀ Bugatti kan tí a ṣe ní 1925 jáde láti inú Adágún Maggiore, láàárín Ítálì àti Switzerland, lẹ́yìn tí ó ti lò ju 70 ọdún lọ nínú omi. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ dé eegun. Àwọn adíyelé fojú bù ú sí 70,000 sí 90,000 yúrò. Ní gbàǹjo tí a ṣe ní Paris ní January 2010, 260,500 yúrò ni a san. A lè sọ ọkọ̀ di tuntun lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó wà lára rẹ̀, bí a bá pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lọ nìyẹn. Ẹ wo ọkọ̀ Mercedes tí a pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí nínú ní ọjọ́ 13 oṣù February 1976, tí a gbé sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, Èkó. Ta ni yóò ní kí a dí ojú ọta ìbọn ara rẹ̀, kí a sì kùn ún lọ́dà?

Nítorí náà, ìmọ̀ ni ó ń sọ irin di ìṣúra. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ń rà nìkan ni ó mọ iyì rẹ̀ ńkọ́? Cicero, ará Róòmù, ti gbé irú ẹjọ́ yìí yẹ̀ wò ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Krístì. Oníṣòwò kan kó ọkà dé Rhodes nígbà ìyàn; ó mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi mìíràn ń kó ọkà bọ̀ lẹ́yìn. Ṣé kí ó sọ, tàbí kí ó dákẹ́ kí ó tà á lọ́wọ̀n-ọ́n? Diogenes ará Bábílónì ní kò sí òfin tí ó ní kí ó sọ. Antipater ní dandan ni kí ó sọ. Ti Antipater ni Cicero gbè.

Ẹlòmíràn yóò fèsì pé ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ìmọ̀ yìí. Èéṣe tí yóò fi fún ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́? Àwíjàre yìí kì í ṣe kékeré. Ó yẹ kí ìmọ̀ lérè, ó sì yẹ kí ẹni tí yóò ru ewu gbígbé ọkọ̀ náà kọjá aṣálẹ̀ rí tirẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n kí ó gba ìpín tirẹ̀ yàtọ̀ sí kí ó gba gbogbo rẹ̀. Bí a bá ń ná iṣu lọ́jà, a kò rẹ́ ara wa jẹ, nítorí pé iṣu wà lójú àwa méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ànábì Muhammad ṣe kọ̀ fún àwọn oníṣòwò láti lọ pàdé èrò lọ́nà kí wọ́n tó dé ọjà, kí wọ́n má baà ra ẹrù lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì gbọ́ iye tí ọjà ń lọ.

Síbẹ̀, ìmọ̀ nìkan kò tó. Nígbà ọ̀dá ọdún 1973 sí 1974, Lazaret ni a pàgọ́ sí fún àwọn darandaran tí ìyàn lé kúrò ní ilẹ̀ wọn. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ darandaran nípa iyì màlúù. Ṣùgbọ́n nígbà tí koríko ti tán, tí gbogbo ènìyàn sì ń ta ẹran lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni ìmọ̀ yẹn lè ṣe fún un? Ebi ni ó bá a dá iye.

Lójú tèmi, ìbéèrè méjì ni ó yẹ kí olùrà bi ara rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí iye kan. Ṣé ẹni tí ń tà mọ ohun tí mo mọ̀? Bí iye náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣé ó lè gbé ẹrù rẹ̀ padà sílé? Bí ìdáhùn sí méjèèjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n máa ná an lọ. Iye tí wọ́n bá fẹnu kò sí ni ó tọ́, ìbáà pọ̀, ìbáà kéré. Bí ìdáhùn sí ọ̀kan bá jẹ́ rárá, kí olùrà kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mọ̀, tàbí kí ó fi kún owó títí yóò fi lè padà wá sí ẹnu ọ̀nà opó náà láìfi ojú pamọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé gbọ́ nìyí, nígbà tí ó bá ti rí iye èrè tán.