Wọ́n Ní

Ọdún 26 ni mo fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù májísíréètì l'Abẹ́òkúta. Mo ń sọ Gẹ̀ẹ́sì adájọ́ di Yorùbá, mo ń sọ Yorùbá olùjẹ́jọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. N kò dá ẹjọ́ rí, àmọ́ ẹjọ́ tó gba ẹnu mi kọjá kò lóǹkà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n mú ọkùnrin kan wọlé, wọ́n ní ó jí jẹnẹrétọ̀. Bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan ló wọ̀. Mo ka ẹ̀sùn sí i létí, mo ní, "Ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?" Ó tẹjú mọ́ fáànù tó wà lókè, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún ìyá mi kí wọ́n yọ iná, ọbẹ̀ ti ń jóná." Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní kí wọ́n mú un lọ sí Àrò, ilé ìwòsàn tí Dókítà Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954, kí àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Inú bí ọlọ́pàá tó ń rojọ́. Ó ní olè ń díbọ́n ni. Àwọn kan máa ń díbọ́n lóòótọ́. Ìdí tí a fi nílò dókítà nìyẹn.

Nílé kéwú, Alfa kọ́ wa pé a kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ fún wèrè títí làákàyè rẹ̀ yóò fi padà. Ọjọ́ tó ṣe nǹkan náà ni ìyẹn kàn. Ti adájọ́ wa yàtọ̀: orí èèyàn lè pé nígbà tó ń jalè, kó sì dàrú kó tó dé kóòtù. Ẹlòmíràn sì wà tó ń gbọ́ ohùn lóru, síbẹ̀ tó mọ adájọ́ yàtọ̀ sí lọ́yà. Ìyẹn lè jẹ́jọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1836, nínú ẹjọ́ Pritchard, adití tí kò lè sọ̀rọ̀, ohun tí adájọ́ ní kí wọ́n wò ni bóyá ohun tó ń lọ yé e débi tó fi lè gbèjà ara rẹ̀.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 36, ní kí a sọ ẹ̀sùn fún olùjẹ́jọ́ ní èdè tó yé e. Tìtorí gbólóhùn yẹn ni wọ́n fi ń san owó oṣù mi. Lọ́jọ́ yẹn, Yorùbá tí mo sọ dé etí ọkùnrin náà, kò bá a nílé. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo ti máa ń rò pé torí ẹni tí kò yọjú sí ìjókòó ni wọ́n ṣe pa òwe náà. Àṣé ẹni tó dúró síwájú wa tí làákàyè rẹ̀ ti rìnrìn àjò, òun náà kò tíì dé.

Ṣùgbọ́n dídúró dè é náà lè di ìkà. Mo mọ ẹnìkan tí ìwé dókítà rẹ̀ sọnù láàárín ọ́fíìsì kan sí èkejì. Iye ọdún tó lò látìmọ́lé ju èyí tí ì bá fi ṣẹ̀wọ̀n lọ, kò sì sẹ́ni tó tíì bi í bóyá ó jẹ̀bi.

Ní tiwa, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ọkùnrin yẹn padà dé, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ pé méjì. Adájọ́ ní kí n bi í bóyá ó mọ ibi tó wà. Ó wò mí lójú.

"Kóòtù ni, sà. Wọ́n ní mo jí jẹnẹrétọ̀."

Mo dánu dúró díẹ̀ kí n tó túmọ̀ rẹ̀. *Wọ́n ní.* Ó ti mọ̀ pé ẹ̀sùn lásán ni, pé ẹnìkan ló fi kan òun, pé òun náà lẹ́nu láti fèsì. Bóyá ó jí i, bóyá kò jí i, mi ò mọ̀. Ẹjọ́ ṣáà ti wá di ti ẹni méjì.