Ìpolówó Ọjà Àwìn: Ṣé Àìpurọ́ Nìkan Ti Tó?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó ṣe òwò ní hàláálì fún wa tó sì ṣe èlé ní hàrámù. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo wa jọ yẹ̀ wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kéwú lọ́dọ̀ wa rí iṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń ta kẹ̀kẹ́ Márúwá láwìn. Wọ́n ní kó kọ ìwé ìpolówó tí wọn yóò lẹ̀ káàkiri ìgboro. Ohun tó kọ ni pé: “Mú ₦200,000 péré wá, kí o máa wa kẹ̀kẹ́ rẹ lọ!” Ó gbé e wá kí a bá òun wò ó. A bi í léèrè iye tí oníbàárà yóò san kó tó bọ́ nínú gbèsè. Ó ní ₦60,000 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni, fún ọ̀sẹ̀ 52. A jọ ṣírò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦3,320,000. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ₦2,000,000 ni ẹni tó bá mú owó lọ́wọ́ ń ra kẹ̀kẹ́ kan náà.

Ó ní, “Ustaasi, ṣé ẹ rí i pé n kò purọ́?” Lóòótọ́, kò purọ́. Ìbéèrè wa nìyí: ṣé ẹni tí kò purọ́ kò lè tan ènìyàn jẹ?

Ẹ rántí hádíìsì tí Muslim gbà wá. Ànábì wa dé ibi tí ọkùnrin kan kó oúnjẹ jọ sí lọ́jà, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì kan omi. Ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi kó èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tó bá ń tan ènìyàn jẹ kò sí lára òun. Ọkùnrin yìí kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé oúnjẹ òun gbẹ. Ibi tó gbẹ ló kàn kó síta.

Àwọn aṣòfin ayé pàápàá mọ ọgbọ́n yìí. Nílé wa níhìn-ín, òfin háyà-pọ́ṣéèsì ti ọdún 1965 ní kí ọlọ́jà kọ iye tí wọ́n ń ta ọjà lówó ọwọ́ sílẹ̀ fún oníbàárà kí wọ́n tó ṣe àdéhùn. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 náà lòdì sí ìpolówó tó ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1968 ni òfin ti wà pé bí ìpolówó àwìn bá ti dárúkọ owó àsansílẹ̀ tàbí iye tí a ó máa san díẹ̀díẹ̀, ó di dandan kó sọ bí a ó ṣe san án tán àti iye èlé rẹ̀ lọ́dún. Ní ọdún 1976, wọ́n ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún ohun tí a ń yá lò: ìpolówó náà gbọ́dọ̀ sọ pé yíyá ni, kì í ṣe títà.

Síbẹ̀, òfin kò tó. Ẹlòmíràn á kọ òtítọ́ ní lẹ́tà wínníwínní sí ìsàlẹ̀ ìwé, òfin lè má rí i mú, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun mọ èrò ọkàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé kíkọ èlé síta gàdàgbà kò sọ èlé di hàláálì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn gbà pé iye àwìn lè ju ti owó ọwọ́ lọ, bí olùtà àti olùrà bá ti fẹnu kò sí iye kan ṣoṣo kí wọ́n tó túká. Ṣùgbọ́n bí a bá tún ń bu owó lé e nítorí pé oníbàárà pẹ́ san, èlé nìyẹn.

Ọmọ wa yìí dákẹ́, ó wá ní, “Bí mo bá kọ gbogbo rẹ̀, wọn ò ní rà á, ọ̀gá mi á sì lé mi.” Àwọn àgbà kúkú ti wí pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. A kò lè ṣèlérí fún un pé ọ̀gá rẹ̀ yóò dunnú. Ohun tí a mọ̀ ni pé Ànábì sọ pé bí olùtà àti olùrà bá sòótọ́, tí wọ́n sì ṣàlàyé, alùbáríkà á wọ òwò wọn. Bí wọ́n bá fi nǹkan pamọ́, alùbáríkà á kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ògiri, ẹ bi ara yín pé: bó bá jẹ́ ìyá mi ló fẹ́ rà á, kí ni màá fẹ́ kó kọ́kọ́ mọ̀? Ẹ kọ ìyẹn sókè.

Kí Ọlọ́hun fi hàláálì rọ̀ wá lọ́rùn. Àmín.