Ṣé Ẹkún Nìkan Ni Ìtàn?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí àlejò kan bá bi yín pé irú ènìyàn wo ni bàbá yín tí ó ti kú, kí ni ẹ máa sọ? Bí ó bá jẹ́ pé ìjàǹbá ni ó pa á, ṣé ìjàǹbá náà nìkan ni ẹ máa rò fún un? Ṣé ẹ kò ní sọ iṣẹ́ tí bàbá yín ṣe, orin tí ó fẹ́ràn, bí ó ṣe máa ń bá yín wí? Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tí ń kọ́ ìtàn àwọn Júù ní yunifásítì ti ń jiyàn lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀kọ́ náà kò tètè wọ yunifásítì. Ní ilẹ̀ Jámánì, Júù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Leopold Zunz kọ ìwé ní 1818. Ó ní kí wọ́n máa fi ojú ìmọ̀ wo ìwé àwọn Júù bí wọ́n ṣe ń wo ìwé àwọn ènìyàn yòókù. Ní 1848 ó bẹ ìjọba pé kí wọ́n yan olùkọ́ kan fún ẹ̀kọ́ yìí ní yunifásítì ìlú Berlin. Wọ́n kọ̀. Àwọn Júù wá dá ilé ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀, ọ̀kan ní Breslau ní 1854, òmíràn ní Berlin ní 1872. Ìjọba Hitler ni ó ti ti Berlin pa ní 1942.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa ni Salo Baron. Wọ́n bí i ní 1895 ní ìlú Tarnów, tí ó wà ní ilẹ̀ Póláńdì lónìí. Ó kàwé ní Vienna, ó gba oyè dókítà mẹ́ta níbẹ̀. Ó kọjá sí Amẹ́ríkà, nígbà tí ó sì di 1930, ó di olùkọ́ ìtàn àwọn Júù ní yunifásítì Columbia ní New York. Ẹ má rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀. Wọn kì í ní kí ẹnikẹ́ni yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà. Onígbàgbọ́ lè jókòó níbẹ̀, Mùsùlùmí náà lè jókòó. Ìbéèrè ni wọ́n ń bi ara wọn: kí ni iṣẹ́ àwọn ènìyàn yìí? Èdè wo ni wọ́n ń sọ? Kí ni ó yí padà nínú ẹ̀sìn wọn nígbà tí ìjọba fún wọn ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú, bí ilẹ̀ Faransé ti ṣe ní 1791?

Ní 1928, Baron kọ ohun kan tí kò bá ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ mu. Ó ní àwọn òpìtàn ń sọ ìtàn àwọn Júù bí ẹni pé ẹkún nìkan ni. Ó ní wọ́n jìyà láyé àtijọ́ ní Yúróòpù lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣàkóso ara wọn, wọ́n ní ilé ẹjọ́ tiwọn, àti pé ní ibi púpọ̀, ìgbé ayé wọn sàn ju ti àwọn àgbẹ̀ tí ó dà bí ẹrú lórí ilẹ̀ àwọn olówó.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Ìjọba Hitler pa Júù bíi mílíọ̀nù mẹ́fà. Ní Tarnów, níbi tí Júù bí 25,000 ń gbé kí ogun tó dé, wọ́n pa bàbá Baron, wọ́n pa ìyá rẹ̀, wọ́n pa arábìnrin rẹ̀ kan. Ṣé ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí ṣì lè sọ pé kì í ṣe ẹkún nìkan?

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ níbí. Ẹni tí ó ní kí a sọ ẹkún ṣáájú ní ìdí tirẹ̀. Bí a kò bá sọ ọ́, àwọn kan yóò ní kò ṣẹlẹ̀; wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Èmi kò lè bá onítọ̀hún jà. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde, tí ó mọ orúkọ àwọn apànìyàn, tí kò sì mọ ìwé kan, oúnjẹ kan tàbí orin kan tí ó jẹ́ ti àwọn tí wọ́n pa, kí ni a kọ́ ọ?

Àwọn tí ikú dúró tì gan-an ronú nípa èyí. Ní Warsaw, ní 1940, wọ́n sé àwọn Júù mọ́ inú ògiri. Òpìtàn kan, Emanuel Ringelblum, kó àwọn ènìyàn jọ láti máa kọ ohun tí wọ́n ń rí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ ìsinmi wọn, ni wọ́n ń pàdé. Wọ́n kọ bí ebi ṣe ń pa ènìyàn kú. Wọ́n tún kọ iye tí wọ́n ń ta búrẹ́dì, ẹ̀fẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń ṣe, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọdé ń lọ ní ìkọ̀kọ̀. Kì í ṣe gbogbo àwọn tí ó kọ ọ́ ni ọ̀mọ̀wé. (Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kọ, ìyẹn kàn yín.) Wọ́n rì í mọ́lẹ̀ nínú àpótí páànù àti nínú garawa tí wọ́n fi ń gbé wàrà. Wọ́n pa Ringelblum ní 1944. Wọ́n hú apá kan ìwé náà ní 1946, wọ́n hú òmíràn ní 1950.

Ní 1961, wọ́n pe Baron sí ilé ẹjọ́ ní Jerúsálẹ́mù, níbi tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́ Adolf Eichmann, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣètò ìpànìyàn náà. Wọn kò pè é nítorí ikú àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n ní kí ó sọ bí àwọn Júù ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ń gbé kí wọ́n tó pa wọ́n. Eichmann jókòó níbẹ̀, Baron sì ń sọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọn, ìwé wọn àti ẹgbẹ́ wọn fún àwọn adájọ́.