Ṣé Irinṣẹ́ Lè Jẹ̀bi?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé irinṣẹ́ kò níwà. Ọwọ́ tó mú un ló níwà. Àwọn ẹ̀rọ pinball àtijọ́ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ yìí rò. Tábìlì onígíláàsì ni pinball: bọ́ọ̀lù irin kékeré á máa yí lórí rẹ̀, á máa kọlu agogo, máàkì á máa pọ̀ sí i, títí bọ́ọ̀lù yóò fi já sí ìsàlẹ̀.

Ohun méjì lára wọn ló rúni lójú. Àkọ́kọ́ ni bọ́tìnnì ìkọ̀kọ̀ tó wà lára àwọn kan. Bí eléré bá jẹ eré ọ̀fẹ́ mẹ́wàá, onílé-ọtí á tẹ bọ́tìnnì náà, mẹ́wàá á di òfo. Ta ní í jẹ ẹ̀bùn tán kí ó tún gbà kí wọ́n pa á rẹ́? Ẹni tí wọ́n ti ka owó lé lọ́wọ́ ni. Tẹ́tẹ́ ni wọ́n ń ta.

Ìkejì jáde ní 1960, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Gottlieb ṣe ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Flipper. Ẹni tó bá gbá a dáadáa kò gba eré ọ̀fẹ́. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fi kún eré tó ń ṣe lọ́wọ́. Ìdí ni pé òfin àwọn ìpínlẹ̀ kan ka eré ọ̀fẹ́ sí èrè tẹ́tẹ́.

Àwọn kan lè sọ pé ọgbọ́n àrékérekè kan náà ni méjèèjì: bí ẹyẹ bá ṣe fò ni à á ṣe sọ̀kò rẹ̀. N kò gbà. Bọ́ọ̀lù àfikún kò ṣeé tà, kò ṣeé gbé kúrò nídìí eré. Ó dà bí iyì ọ̀ta nídìí ayò, tí kò ṣeé ná lọ́jà. Ohun tí òfin ń bẹ̀rù gan-an ló mú kúrò. Bọ́tìnnì ìkọ̀kọ̀ ní tirẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún òfin lójú, ó ń rú u lẹ́yìn.

Kì í ṣe gbogbo òfin ló tọ́. New York fòfin de pinball láti 1942 títí di 1976. Ṣùgbọ́n nígbà tí Roger Sharpe fẹ́ ta ko òfin náà, iwájú ìgbìmọ̀ ìlú ló ti gbá pinball, láti fi hàn pé ọgbọ́n ọwọ́ wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, èrò mi ni pé irinṣẹ́ lè jẹ́rìí sí ìwà ẹni tó ṣe é. Ẹni tó fi bọ́tìnnì pamọ́ ti pinnu ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kí eléré tó dé. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọgbọ́n tí a dá sí òfin mọ́, kí a bi ara wa: ṣé a lè ṣe é lójú ẹni tó ṣòfin?