Ìfọ̀kànbalẹ̀ Nínú Ìrántí Ọlọ́hun

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun ní Ẹ̀pẹ́, bí obì wa kò bá tà, tí owó ilé-ìwé ọmọ sì wọlé dé, ọkàn wa a máa dàrú. Ará ilé tí kò ṣẹ̀ wá ni a sì ń kanra mọ́. Ìyẹn kò san gbèsè kankan.

Suuratu Ra'd, aaya 28, kọ́ wa pé ìrántí Ọlọ́hun ni ó ń fi ọkàn balẹ̀. Ànábì sì tọ́ wa sọ́nà pé bí inú bá ń bí ẹni tó wà lórí ìdúró, kí ó jókòó; bí ìbínú kò bá lọ, kí ó dùbúlẹ̀.

Nítorí náà, lálẹ́ òní, kí a tó wọlé, ẹ jẹ́ kí a ṣe àlùwàlá, kí a kírun Mọgaribi, kí a sì fara balẹ̀ ṣe Subhanallah 33, Alhamdulillahi 33 àti Allahu Akbar 33. Lẹ́yìn náà, kí a fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ìṣòro náà fún ará ilé. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè, kí òun náà rántí Suuratu Bakara, aaya 280: kí a fún onígbèsè tí nǹkan le fún ní àkókò.

Kí Ọlọ́hun fi ọkàn wa balẹ̀. Àmín.